Àgbàlagbà àti Ohun Ìṣeré: Ǹjẹ́ Asán Ni?

Ìbéèrè kan ni mo gbé tọ̀ yín wá. Bí ẹ bá bá bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nídìí ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé, tí ó ń fi òróró pa á, tí ó sì ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, kí ni ẹ ó wí? Púpọ̀ nínú wa yóò wí pé arúgbó náà ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn yóò wí pé ìgbà tí ó yẹ kí ó máa múra sílẹ̀ de ọ̀run ni ó ń ṣeré. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí ó mú mi tún ọ̀rọ̀ ara mi gbé yẹ̀ wò, kí ẹ̀yin náà lè bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2018, mo lọ kí àbúrò mi ní ìlú Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá òyìnbó kan wà tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín ilé rẹ̀ àti ti àbúrò mi. Àbúrò mi a máa bá a gbé ẹrù wọlé bí ó bá ti ọjà dé, nítorí náà wọ́n mọ ara wọn dáadáa. Ní ọjọ́ Sátidé kan ó ní kí a wá wo nǹkan ní òkè àjà òun. A gun àkàbà, a sì bá tábìlì pákó tí ó yí gbogbo àjà náà ká. Orí rẹ̀ ni wọ́n to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí, mẹ́ta mẹ́ta, ẹyọ kan láàárín méjì. Ilé kéékèèké wà níbẹ̀, afárá wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, àti ènìyàn tí kò ju èékánná lọ. Bàbá yí ohun kan lára àpótí iná, ẹńjìnnì kékeré aláwọ̀ ewé kan gbọ̀n díẹ̀, ó kùn, ó sì fa ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta lọ yí àjà ká. Òórùn epo ẹ̀rọ tí ó gbóná gba ibẹ̀ kan. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn.

Mo bi í léèrè iye tí ó ra ẹńjìnnì náà. Ó ní òun kọ́ ni òun rà á. Bàbá òun ni ó rà á fún òun nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí owó àti oúnjẹ ṣọ̀wọ́n. Òṣìṣẹ́ èbúté ni bàbá náà, ẹni tí ń ru ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í gbá ọmọ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ a kúnlẹ̀ sílẹ̀, wọn a jọ to irin náà pọ̀. Bàbá òyìnbó wí fún mi pé, "Ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi." Ọkọ̀ náà tún yí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ibi tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti wá. Ní ọdún 1859, ìdílé Märklin ní ìlú Göppingen, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun ìdáná ìṣeré fún àwọn ọmọbìnrin. Ní ọdún 1891, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú irin ìṣeré wá sí ọjà ńlá tí ó wà ní Leipzig, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí ìbú irin rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó bá ra díẹ̀ lónìí lè ra díẹ̀ sí i lámọ̀ọ́dún, kí gbogbo rẹ̀ sì bá ara mu. Ọgbọ́n ńlá ni, òun ni ó sì bí kíkó ọkọ̀ jọ, nítorí ohun tí a kò rà tán lẹ́ẹ̀kan, ọkàn a máa wà lórí rẹ̀. Ní New York, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joshua Lionel Cowen bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 1900. Ó ṣe ọkọ̀ oníná kan sí fèrèsé ìsọ̀ kí ó máa fa ojú oníbàárà sí ọjà. Dípò ọjà, ọkọ̀ náà gan-an ni àwọn ènìyàn ní àwọn fẹ́ rà.

Ní Liverpool kan náà tí mo ń sọ yìí, akọ̀wé kan wà tí ń jẹ́ Frank Hornby. Ó gé irin pẹlẹbẹ, ó dá ihò sí i lára, kí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ lè fi ṣe afárá àti ẹ̀rọ ìgbẹ́rù. Ní ọdún 1901 ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Òun ni ó di Meccano. Ní ọdún 1920, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé ọkọ̀ ojú irin tí a ń yí kọ́kọ́rọ́ sí nídìí jáde, bí a ti ń yí ti aago ògiri. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1938, wọ́n gbé èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ jáde, Hornby Dublo, irú èyí tí ó wà ní àjà bàbá òyìnbó. Ohun tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan lára ọkọ̀ gidi, mìlímítà 4 péré ni ó gùn lára tirẹ̀. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà tí ó wà ní Binns Road ní ọdún 1979. Bí ẹńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ lónìí, ẹni tí ó ni ín ni yóò tú u, tí yóò wá ohun tí ó jẹ.

Nígbà tí a padà sílé, mo sọ èrò mi fún àbúrò mi. Mo ní asán ni. Mo ní owó tí wọ́n ń ná sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òrukàn. Mo ní àkókò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, a kà á nínú hádíìsì pé ìyá wa Àíṣà ní ọmọláńgidi àti ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ tí ó fi ń ṣeré, Ànábì sì rẹ́rìn-ín sí i, kò bá a wí. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọdé ni ìyá wa nígbà náà, arúgbó sì ni ẹni tí à ń wí yìí.

Àbúrò mi tẹ́tí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Wàláà bàbá wa tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri yàrá yín ńkọ́? Ẹ̀yin kò kọ nǹkan sí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tí n kò múra sí. Mo fẹ́ wí pé wàláà yàtọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni wọ́n kọ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, wọ́n ti fọ ohun tí wọ́n kọ sí i kúrò láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó mú mi gbé e kọ́ ni ibì kan ní etí rẹ̀ tí àtàǹpàkò bàbá mi ti jẹ wọlé, níbi tí ó máa ń dì í mú bí ó bá ń kọ́ mi. Bí mo bá fi àtàǹpàkò mi sí ibẹ̀, ṣe ni ó ń dà bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú. Ǹjẹ́ ẹńjìnnì aláwọ̀ ewé yẹn kò ha jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òṣìṣẹ́ èbúté? Mo rí i pé ohun kan náà ni èmi àti bàbá òyìnbó ń ṣe. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò tilẹ̀ gbè mí: tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tèmi wà lára ògiri, eruku ń bò ó.

Mo padà lọ bá a ní ọjọ́ kejì. Ó fi àpótí páálí kan hàn mí. Ó ní àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí a kò tú àpótí rẹ̀ rí nìkan ni wọ́n ń rà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ kan irin láéláé; páálí òfìfo gan-an a máa ní iye lórí lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń kó o jọ kí tiwọn lè pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun, ó sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ó ṣí àpótí náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti sán, ó ń fọ́ bíi bisikíìtì. Òjé ni ó wọ inú síǹkì tí wọ́n fi rọ ọ́, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Kò sí àpótí tí ó lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là. Èyí tí irin rẹ̀ dára pàápàá, bí a kò bá lò ó, òróró inú rẹ̀ a gan, kò ní lè yí mọ́.

Mo rántí Súrà Tákáásùr, tí ó ń kìlọ̀ nípa ìdíje nínú ìkójọ títí a fi dé sàréè. Ibí yìí ni èrò mi kò yí padà. Ẹni tí ó kó ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún jọ tí kò sì fi ẹyọ kan mú ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín, ẹrù ni ó kó jọ.

Ẹ wo ẹlòmíràn. Neil Young, olórin ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ní ọmọkùnrin kan tí ìpalára ọpọlọ láti ìgbà ìbí kò jẹ́ kí ó lè rìn tàbí kí ó sọ̀rọ̀. Bàbá yìí fẹ́ràn ọkọ̀ ìṣeré Lionel láti kékeré. Ó wá ọgbọ́n tí ó fi jẹ́ pé ọmọ náà yóò kàn tẹ bọ́tìnnì ńlá kan, ọkọ̀ yóò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní ọdún 1995, òun àti àwọn mìíràn ra ilé iṣẹ́ Lionel fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ran ohun púpọ̀ láyé ní ohun kan tí ó ń pàṣẹ fún. Ta ni yóò pe ìyẹn ní asán?

Nísinsìnyí, mo ní láti sọ tèmi. Ọ̀fà ni wọ́n bí mi sí, ní ojú ọ̀nà irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ó sì ti dé Kánò kí ọdún 1912 tó parí. Ìyá àgbà mi a máa gbé àkàrà lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè, èmi a sì máa bá a ru igbá. Mo mọ bí ilẹ̀ ti ń mì kí ọkọ̀ tó yọ. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọmọ kan wà ní ilé-kéwú tí mo ti ń kọ́ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó fi agolo ṣe ọkọ̀ ojú irin, ó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fà á lábẹ́ àga nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ké Súrà. Mo gba ọkọ̀ náà, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lójú gbogbo wọn. Ọmọ náà kò sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò fi ohunkóhun tí ó ṣe hàn mí mọ́.

Nígbà tí mo ti Liverpool dé, mo wá a lọ. Ó ti di wẹ́dà, ó sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Mo ní kí ó forí jì mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àfáà, ẹ̀yin náà! Mo ti gbàgbé." Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn agolo náà fún mi: ti mílíìkì ni ẹńjìnnì, ti sàdíìnì méjì ni èrò ń wọ̀, ti tòmátò ni ó kẹ́yìn. Ó ní rélùwéè ni bàbá òun ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó wálé. Ọkọ̀ tí bàbá òun wà nínú rẹ̀ ni òun ń fà bọ̀ wálé.

Ó tọ́ kí n bá ọmọ náà wí nítorí pé ó ń ṣeré nígbà kéwú. Ṣùgbọ́n mo lè gbé ọkọ̀ náà pamọ́ kí n dá a padà fún un nígbà tí a bá jáde. N kò béèrè ohun tí ó jẹ́ fún un kí n tó fọ́ ọ.

Nítorí náà, èyí ni ìdáhùn mi, ẹ sì lè fi kún un. Ohun ìṣeré kì í ṣe asán nítorí pé ọjọ́ orí ẹni tí ó ni ín ti pọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ń gba ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn: owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, gbèsè tí a jẹ, àkókò ìrun. Ẹ wò ó bóyá ó ń fa ènìyàn mọ́ra tàbí ó ń tì wọ́n jìnnà. Ẹ sì wò ó bóyá ọwọ́ ẹni lè tú kúrò lára rẹ̀. Mo bi bàbá òyìnbó léèrè ẹni tí yóò jogún ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá àwọn ọmọ òun yóò fẹ́ ẹ. Bí wọn yóò bá tà á, kí wọ́n ṣáà tà á fún ẹni tí yóò máa jẹ́ kí ó sáré.

Èmi náà ti sọ wàláà bàbá mi kalẹ̀ lára ògiri. Ọmọ ọmọ mi ni ó ń kọ álíífù àti bá sí i báyìí. Ó ti já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ kan sì ti hán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó ní àná, àtàǹpàkò ọmọ náà wà nínú ihò yẹn gan-an, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn òbí wa tí ó ti lọ, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n tí a ó fi tọ́ àwọn ọmọ wa láìfọ́ wọn lọ́kàn. Àmín.