Ta Ló Ni Òjò? Ẹmọ́ Kan àti Òkè Dúdú Àwọn Lakota

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi Ifá yanjú ọ̀rọ̀, ẹ bá mi wo eléyìí. Wọ́n gba ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà kan níbí. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre, ó ní kí ìjọba san owó. Wọ́n ní àwọn ò gbowó. Láti ọdún 1980 lowó ti wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn tó tòṣì jù ní Amẹ́ríkà. Ṣé ọgbọ́n nìyẹn?"

Mi ò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn Lakota ló ń sọ, àwọn àti àwọn Sioux yòókù. Ilẹ̀ náà ni Òkè Dúdú tó wà ní South Dakota, ilẹ̀ mímọ́ ni lójú wọn. Lọ́dún 1868, ní Fort Laramie, ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn ṣe àdéhùn pé tiwọn ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ìkankan níbẹ̀ àfi tí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àgbà ọkùnrin wọn bá fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1874, Custer, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, kó ọmọ ogun wọ orí òkè náà, wọ́n rí wúrà. Nígbà tó di ọdún 1876, ilé aṣòfin ní àwọn ò ní fún àwọn Lakota lóúnjẹ mọ́ àfi tí wọ́n bá yọwọ́ nínú òkè náà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1877, wọ́n fi òfin gbà á.

Ìtàn Ifá tó wá sí mi lọ́kàn ni ti Ọ̀run àti Ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ lọ ṣọdẹ, ẹmọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Ìjà dé lórí ẹni tó máa mú un. Ilẹ̀ ní òun lẹ̀gbọ́n, Ọ̀run ní irọ́ ni, òun lẹ̀gbọ́n. Ọ̀run bínú gòkè lọ, ó sì sé òjò. Iṣu kò ta, odò gbẹ, ebi mú ọmọ aráyé. Wọ́n dífá, wọ́n ní kí wọ́n rúbọ. Igún ló gbé ẹbọ náà dé ọ̀run, òjò sì rọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn yìí sí ni pé Ilẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀, nítorí náà Ọ̀run lẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ni òjò ló ni ọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ yìí ló dẹ́rù bà mí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, a jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé aṣòfin ọdún 1876 ni Ifá wà. Wọ́n sé oúnjẹ bí Ọ̀run ṣe sé òjò, àwọn tébi ń pa sì fọwọ́ síwèé.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, mi ò gbà. Òjò tí Ọ̀run sé, tirẹ̀ ni. Ebi tó ń pa àwọn Lakota lọ́dún 1876, àwọn tó sé oúnjẹ náà ló dá a sílẹ̀: wọ́n ti há wọn mọ́ ibì kan, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dé igbó ọdẹ wọn mọ́, àwọn ọdẹ aláwọ̀ funfun sì ń pa ẹfọ̀n nípakúpa. Ẹni tó dí odò ẹlòmíì, tó wá ń ta omi fún un, kò lè pe ara rẹ̀ ní Ọ̀run.

Ẹ tún wo ohun tí Ọ̀run gbà. Ẹmọ́ kan ni. Kò sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí Ilẹ̀ pé ó ti di tòun. Òjò rọ̀ tán, Ilẹ̀ ṣì ni ilẹ̀. Nínú agbo ilé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, àmọ́ kì í gbé ìkòkò lọ. Jíjẹ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń jà sí nínú ìtàn náà, kì í ṣe ilé ara wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ogun ló ń fúnni nílẹ̀, pé àwọn Lakota náà lé àwọn ẹ̀yà míì kúrò lórí òkè yẹn kí aláwọ̀ funfun tó dé. Mo ti gbọ́ ọ títí ó sú mi. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ló wá sí Fort Laramie. Red Cloud, aṣáájú Lakota kan, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti bá ọmọ ogun Amẹ́ríkà jà láti ọdún 1866, Amẹ́ríkà ló sì kó kúrò nínú àwọn bárékè tó kọ́ sójú ọ̀nà Bozeman. Wọ́n bá ara wọn mulẹ̀ ni.

Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń mulẹ̀ rí. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré, wọ́n da omi sí i, wọ́n la obì. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n fẹnu kan omi náà, erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn létè, ẹnì kankan kò sì nù ún. Tábà làwọn Lakota máa ń fà ní tiwọn láti fi dá májẹ̀mú. Ohun kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí èdè wa fi ń pe ẹni tó yẹ àdéhùn ní ọ̀dàlẹ̀: Ilẹ̀ tó ṣe ẹlẹ́rìí ló dà.

Ibi tí mo wá rí ìdáhùn àbúrò mi ni inú ẹbọ náà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ẹmọ́ tí wọ́n jà lé lórí gan-an ni igún gbé lọ. Kò gbé owó ẹyọ tó tó ẹmọ́. Lọ́dún 1980, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé ìjọba gba òkè náà láìsan owó tó tọ́. Wọ́n ṣírò iye tó jẹ́ lọ́dún 1877, wọ́n ro èlé mọ́ ọn, ó di nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìndínláàádọ́fà dọ́là. Àwọn Lakota ní òkè làwọn ń béèrè. Tí wọ́n bá gbowó, wọ́n ti tà á nìyẹn.

Igún tó gbé ẹbọ náà kò rí ọpẹ́ gbà nínú ìtàn. Nígbà tó dé láti ọ̀run, òjò ń pa á, gbogbo ilé tó yà ni wọ́n ti lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ogun Lakota fi èdè wọn ránṣẹ́ àṣírí fún Amẹ́ríkà nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n padà délé, òkè kò padà.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2020, Ààrẹ Trump lọ sọ̀rọ̀ lórí Òkè Dúdú, lábẹ́ orí ààrẹ mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta Rushmore. Àwọn Lakota dí ọ̀nà, ọlọ́pàá kó lára wọn. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ McGirt pé ilé aṣòfin kò fìgbà kan fagi lé ilẹ̀ tó ṣèlérí fún àwọn Muscogee, ẹ̀yà ìbílẹ̀ míì, ní Oklahoma. Adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni. Ginsburg tó wà lára àwọn márùn-ún kú ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2022, márùn-ún sí mẹ́rin míì fún ìjọba ìpínlẹ̀ lágbára láti máa dá àwọn ẹjọ́ kan lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn kò yí padà. Ẹni tó jókòó lórí àga ló yí padà.

Mo pe àbúrò mi padà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, títí dìgbà wo ni wọ́n máa dúró?" Mi ò mọ̀. Owó náà ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là báyìí. Wọn ò tíì fọwọ́ kàn án.