Òtítọ́ Tí Ó Ń Tan Ni Jẹ
KÀ: Òwe 20:10-23
ÀKỌ́SÓRÍ: Léfítíkù 25:14

Ǹjẹ́ ènìyàn lè tan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ láì pa irọ́ kankan? Jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, níwájú ààfin Déjì.

Ká ní arákùnrin kan tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ìjọ fẹ́ ta Yamaha MDF2 rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀rọ kékeré yìí a máa tọ́jú orin sínú díìsìkì pẹlẹbẹ. Kì í gba ohùn sílẹ̀ bíi kásẹ́ẹ̀tì. Nípa ìlànà MIDI, tí ó ti wà láti ọdún 1983, ohun tí ọwọ́ olórin ṣe ni ó ń kọ sílẹ̀: bọ́tìnnì tí ó tẹ̀, ìgbà tí ó tẹ̀ ẹ́, àti bí ó ti tẹ̀ ẹ́ le tó. Kíbọ́ọ̀dù yóò sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní àbùkù. Orí tí ó fi ń ka díìsìkì ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Díìsìkì tí òun fúnra rẹ̀ kọ, yóò kà á geere. Èyí tí ẹ̀rọ mìíràn kọ, kò ní lè kà á. Arákùnrin náà sì mọ̀.

Oníbàárà kan dé láti Oǹdó. Ogójì díìsìkì ló wà nílé rẹ̀, orin ẹgbẹ́ akọrin wọn láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀rọ tí ó kọ wọ́n ti bàjẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?” Arákùnrin tan jẹnẹrétọ̀, ó ki díìsìkì òfìfo bọ̀ ọ́, ó fi orin pa mọ́, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Orin jáde! “Àbúrò, ìwọ náà ṣáà rí i.” Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Ṣé òdodo ni?

Ọ̀pọ̀ yóò wí pé, “Kí olùrà la ojú rẹ̀.” Bó bá ṣe tòmátì ni, mo lè gbà, nítorí ohun kan náà ni ojú olùtà àti olùrà ń rí. Níhìn-ín, ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀. Ohun tí oníbàárà ń béèrè ni pé, “Ṣé n ó rí orin wa gbà padà?” Arákùnrin gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì dáhùn òmíràn. Irọ́ kò sí ní ẹnu rẹ̀. Ó wà nínú ohun tí ó jẹ́ kí ẹnìkejì gbàgbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n méjì inú Òwe: òkúta kì í purọ́, ọwọ́ tí ó yàn án ni.

Ṣé dandan ni kí olùtà sọ ohun gbogbo? Rárá. Iye tí ó rà á kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àbùkù tí yóò sọ ìdí tí olùrà fi ń rà á di asán, gbèsè ni ó jẹ ẹ́. Olùrà náà kò gbẹ́yìn. Sony ti dáwọ́ títa irú díìsìkì yìí dúró ní ọdún 2011. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọjà náà ṣọ̀wọ́n, tí ó ń pè é ní pàǹtírí kí owó lè wálẹ̀, kí ó ka ẹsẹ 14.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀. Bí arákùnrin náà bá sọ ọ́, owó lè dín, oníbàárà lè lọ, owó ilé ìwé ọmọ sì lè má pé. N kò ṣèlérí fún ọ pé olówó ńlá yóò dé ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ro ti alẹ́ ọjọ́ náà ní Oǹdó: ogójì díìsìkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí ó fọhùn. Ro ti ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, tí arákùnrin náà tún jókòó síwájú ìjọ láti tẹ orin ìyìn.

Olùfẹ́, ẹ̀rọ yẹn kì í kọ ohun tí ẹnu sọ. Ohun tí ọwọ́ ṣe ni ó ń kọ. Ìwé kan wà lọ́run tí ó rí bẹ́ẹ̀.

RÒ Ó WÒ: Kí ni mo ń tà tí mo mọ àbùkù rẹ̀, tí olùrà kò mọ̀?

ÀDÚRÀ: Olúwa, bí òtítọ́ bá tilẹ̀ kùtà lọ́wọ́ mi, má ṣe jẹ́ kí n fi èké pààrọ̀ rẹ̀. Àmín.