Bí Àgbà Bá Ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ọmọdé ń retí ẹni tó máa gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Àmọ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, níbi tó yẹ kí òwe náà ti wúlò jù, ibẹ̀ gan-an la ti ń gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣiṣẹ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù tó máa ń wà lọ́kàn lóru ni pé kí màmá kan má lọ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí la máa ń kọ́kọ́ rò? Ẹ gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè, ó parí. Kò parí o! Láti ọdún 1985 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, FDA, àjọ tó ń mójútó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, gba ìròyìn nípa ènìyàn 803 tó há sí bẹ́ẹ̀dì tó ní irú irin yìí. 480 nínú wọn ló kú. Orí tàbí ọrùn lè há sáàárín irin àti fóòmù. Ẹlòmíì á gun irin náà, á wá já bọ́ láti ibi tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwa tí à ń kọ sọ́fíwià mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá dí ibi tí àṣìṣe ti yọ láì wá orísun rẹ̀, á gba ibòmíì yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti álààmù tó ń ké ní gbogbo ìgbà tí arúgbó bá fẹ́ dìde. Tó bá ń ké lásán, á mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ létí débi pé wọn ò ní sáré mọ́. Arúgbó fúnra rẹ̀ á máa bẹ̀rù àtiyíra. Ẹni tí kì í dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ṣé kò ní ṣubú?

Ta là ń dáàbò bò gan-an? Àgbà náà ni, àbí ọkàn tiwa? Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1987 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ de arúgbó mọ́lẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà tàbí nítorí ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ò lè fún ènìyàn ní sùúrù.

Lóòótọ́, ìṣubú àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Egungun ìbàdí tó bá kán lè sọ ẹni tó ń rìn di ẹni tí à ń gbé. Ọmọ tó ní kí wọ́n gbé irin sókè, ìfẹ́ ló ń tì í. Àmọ́ ìfẹ́ tó gba ìrìn lọ́wọ́ ènìyàn kó má baà ṣubú, kí ló fi yàtọ̀ sí àtìmọ́lé?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn. Kí ni màmá ń wá láago méjì òru? Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ṣé ẹnikẹ́ni mú un lọ tọ̀ kó tó sùn? Ṣé oògùn oorun ló ń mú kí òòyì kọ́ ọ? Ṣé iná wà lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ṣé bàtà rẹ̀ ń yọ̀? Ṣé bẹ́ẹ̀dì náà ṣeé rẹ̀ sílẹ̀? Àga onítáyà rẹ̀ ńkọ́, ṣé bíréèkì rẹ̀ ń mú? Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ènìyàn tó ráyè ni wọ́n ń fẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ó ṣì lè ṣubú lọ́jọ́ kan. Nígbà tí à ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, àwa náà ṣubú. Wọ́n ṣì ń sọ̀ wá kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n ń na ọwọ́ sí wa pé ká máa bọ̀.