Ta Ni A Kọ́ Ilé Ààbò Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí, láàárín ara wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. A ń ka ìtàn Jóábù nínú ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, bí ó ṣe sá wọ inú àgọ́ Olúwa tí ó sì di ìwo pẹpẹ mú, tí Sólómọ́nì sì ní kí wọ́n pa á síbẹ̀. Ìyá kan nínú wa nawọ́ sókè, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ó ní ẹni tí ó bá ti sá wọ ilé ẹni, àlejò ẹni ni, àti pé ẹni tí ó bá fa àlejò rẹ̀ lé àwọn tí ń wá a lọ́wọ́ ti ba ilé ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́. A fà á títí ilẹ̀ fi ń ṣú, a kò rí i yanjú.

Ohun tí ó mú kí a gbé e wá sínú ìwé yìí ni pé orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti bá ara rẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2003, Charles Taylor, Ààrẹ ilẹ̀ Làìbéríà, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó sì wá fi Kálábà ṣe ibùgbé. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó fún un ní ilé ààbò.

Kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀la jẹ́ Kérésìmesì ọdún 1989 ni àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọ Làìbéríà, ogun náà kò sì jẹ́ kí ilé dùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn oníròyìn wa méjì, Tayo Awotusin àti Krees Imodibie, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1990, wọn kò padà wálé mọ́. Nígbà tí ó ṣe, ogun ràn dé Sierra Leone. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ń rí ìbọn gbà láti ọwọ́ Taylor, dáyámọ́ǹdì sì ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìṣe àwọn ọlọ̀tẹ̀ yìí ni kí wọ́n máa gé ọwọ́ ènìyàn.

Àwa tí a ń gbé ní Kankon àti ní gbogbo agbègbè Badagry kò lè pe Freetown ní ilẹ̀ àjèjì. Ibẹ̀ ni a kó àwọn ènìyàn wa sí nígbà tí a gbà wọ́n kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn kan nínú wọn, tí a ń pè ní Sàró, gba etíkun wa yìí padà wá sílé, àwọn ni wọ́n sì ránṣẹ́ pe oníwàásù, tí Thomas Birch Freeman fi gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Ìlú ààbò gan-an ni Freetown nígbà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, ìlú yìí kan náà ni àwọn RUF wọ̀, tí wọ́n ń gé ọwọ́ ọmọdé àti àgbà. Ọmọ Nàìjíríà ni David Anyaele, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n gé. Nígbà tí ó gbọ́ pé Taylor ti wà ní Kálábà, òun àti Emmanuel Egbuna, tí wọ́n ṣe ní irú ìkà bẹ́ẹ̀, lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní ọdún 2004, kí wọ́n lè gba ilé ààbò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ilé tí ó yẹ kí ó sá sí ni ẹni tí ó ran àwọn tí ó ṣe é léṣe lọ́wọ́ jókòó sí.

Síbẹ̀ kí á má ṣe fojú òmùgọ̀ wo ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn. Ní àárín ọdún 2003, àdó olóró ń bọ́ sórí ilé ní Monrovia, òkú sì kún ìgboro. Àwọn obìnrin, Kristẹni àti Mùsùlùmí, tí Leymah Gbowee jẹ́ aṣáájú wọn, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó nínú oòrùn àti òjò láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Bí Taylor bá kọ̀ láti lọ, ta ni ì bá mọ iye ọmọ tí ì bá tún kú? Ìlẹ̀kùn tí a ṣí ní Kálábà wà lára ohun tí ó pa iná ogun náà. A gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni a kọ́ ilé ààbò fún? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àwọn Júù ti wọlé. Nígbà tí Hitler ń fojú wọn gbolẹ̀ ní Jámánì, orílẹ̀-èdè 32 péjọ sí Évian ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1938 láti wo ibi tí wọn yóò fi àwọn tí ń sá sí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ St. Louis kó èrò 937, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Júù ni gbogbo wọn, lọ sí Kúbà. Èèyàn 28 péré ni a jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Amẹ́ríkà kọ̀ wọ́n, Kánádà kọ̀ wọ́n, ọkọ̀ sì yí padà sí Yúróòpù. Èèyàn 254 nínú wọn ni ó bá ìpakúpa náà lọ. Kí ogun tó parí ní ọdún 1945, àwọn Júù tí a pa tó mílíọ̀nù mẹ́fà.

Lẹ́yìn èyí ni a jókòó ẹjọ́ ní Nuremberg, láti oṣù kọkànlá ọdún 1945 títí di oṣù kẹwàá ọdún 1946. Ibẹ̀ ni a ti sọ ọ́ di òfin pé kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìjòyè ni òun, tàbí pé ọ̀gá òun ni ó pàṣẹ, kí ó fi bọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹjọ́ aṣẹ́gun ni, pé àwọn tí ó ṣẹ́gun kò pe ara wọn lẹ́jọ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àwa ará Badagry tilẹ̀ lè fi tiwa kún un: ní ọjà Vlekete, a ta ènìyàn bí ẹni ta ẹran, kò sì sí ilé-ẹjọ́ àgbáyé kan tí ó jókòó lé e lórí. Ṣùgbọ́n pé a kò ṣe ẹjọ́ ti àná kò sọ pé kí a má ṣe ti òní.

Ní ọdún 1951 ni àwọn orílẹ̀-èdè wá ṣe àdéhùn lórí àwọn tí ogun àti inúnibíni lé kúrò nílé, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1967. Àdéhùn náà ní kí a gba ẹni tí ń sá fún inúnibíni. Ó tún ní ẹni tí ìdí pàtàkì wà láti gbà pé ó hu ìwà ọ̀daràn ogun kò ní ìpín nínú rẹ̀. Bí ìlú ààbò mẹ́fà ti Ísírẹ́lì náà ṣe rí nìyẹn: ẹni tí ó ṣèèṣì pànìyàn ni a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún, kì í ṣe ẹni tí ó lúgọ.

Ìyá wa dá wa lóhùn nígbà tí a sọ èyí fún un. Ó ní àwọn ará Gíbéónì tan Jóṣúà jẹ, síbẹ̀ Jóṣúà kò yẹ ìbúra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì dá wa dúró. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé Ísírẹ́lì fúnra rẹ̀ ni ó san owó ìbúra náà. Ta ni ó san owó ìlérí Kálábà? David Anyaele tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ṣe é. Ọbásanjọ́ lè ṣèlérí pé ọlọ́pàá Nàìjíríà kò ní fọwọ́ kan àlejò rẹ̀. Kò lè bá ẹni tí a gé lọ́wọ́ dárí jì.

Nítorí náà, nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa, di Ààrẹ Làìbéríà ní ọdún 2006 tí ó sì ní kí a fà á kalẹ̀, a rò pé ó tọ́ láti fà á kalẹ̀. Bí ó ṣe lọ ni kò dùn mọ́ wa. Ìjọba ní kí Làìbéríà wá mú un. Kò pẹ́, ọkùnrin náà pòórá ní Kálábà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni a mú un ní ẹnubodè Gamboru, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ẹni tí yóò gba ilé rẹ̀ padà, ojúkojú ni kí ó sọ ọ́ fún àlejò. Ohun kan tún ń dùn wá: aninilára mìíràn tí ó rí èyí lè sọ pé òun kò ní kúrò lórí oyè láé, àwọn ìyá ni yóò sì sin ọmọ. Bóyá ohun tí ó yẹ kí a sọ fún Taylor ní ọdún 2003 ni pé, wá jókòó kí ogun rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ yóò jẹ́jọ́.

Ilé-Ẹjọ́ Pàtàkì ti Sierra Leone gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní The Hague. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, ó jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ni wọ́n dá fún un, a sì gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ kùnà ní ọdún 2013. Láti ìgbà Nuremberg, òun ni olórí orílẹ̀-èdè àtijọ́ kìn-ín-ní tí ilé-ẹjọ́ àgbáyé dá lẹ́bi. Ti Sierra Leone nìkan sì ni. Ti Làìbéríà fúnra rẹ̀, a kò dá a lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ọdún 2024 ni Ààrẹ Joseph Boakai ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ láti múra ilé-ẹjọ́ ogun náà sílẹ̀.

A ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìyá wa létí kí a tó fi í ránṣẹ́. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó wá béèrè pé, bí ó bá jẹ́ ọmọ tí òun bí ni ó sá wọlé tọ òun wá ní òru ńkọ́? Ó ní kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì gbà.