Kí Ló Dé Tí Ẹ Fi Kúrò Níbẹ̀?

Wọ́n lé bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ gbólóhùn yẹn nílé wa. Ìyá mi á ní wọ́n gba ìsinmi ni. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ kíláàsì wa nígbà tí owó ilé ìwé mi pẹ́.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ mìíràn pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sí ipò ọ̀gá àgbà. Torí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ aláríyànjiyàn nílé ìwé, wọ́n ní kí n jókòó sí òdìkejì tábìlì kí n máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìdáhùn wọn já gaara lórí iye òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn àti bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìnáwó. Ó wá kan, "Kí ló dé tí ẹ fi kúrò níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Ìtẹ̀síwájú ni mò ń wá."

Ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó purọ́. Ṣùgbọ́n àga tí mo jókòó lé fún mi lẹ́nu díẹ̀: mo tún ìbéèrè náà bi wọ́n. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ bàbá mi fúnra wọn kò sí nínú ìtàn náà rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan tó wà lábẹ́ wọn ń kó ẹrù jáde, bàbá mi sì ń fọwọ́ síwèé láìka ẹrù. Wọn kò jalè. Wọ́n kàn fọwọ́ síwèé ni.

Ṣé dandan ni kí èèyàn sọ irú èyí fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́? Olùkọ́ wa kan fẹ́ràn àpẹẹrẹ Steve Jobs, tí wọ́n tì kúrò ní Apple lọ́dún 1985, tó sì dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Stanford lọ́dún 2005, tó sọ gbangba pé wọ́n lé òun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó ti padà sí Apple láti 1997, ó sì ti lówó rẹpẹtẹ. Ẹni tó ti jáde nínú kòtò lè ṣàpèjúwe kòtò bó ṣe wù ú. Bàbá mi ṣì wà nínú tiwọn, òótọ́ yìí sì lè mú kí iṣẹ́ tó yẹ kó san owó ilé ìwé mi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Èrò tèmi ni pé ohun tí wọn kò bá bi èèyàn, kò di dandan kó máa kéde rẹ̀. Dídákẹ́ kì í ṣe irọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá béèrè, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó fẹ́ fa òṣìṣẹ́ àti owó rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí. Ọwọ́ tìrẹ ni o, kì í ṣe ti ẹlòmíì. Bàbá mi ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Mo fọwọ́ sí ìwé tí n kò yẹ̀ wò. Ẹrù sọnù, èmi sì ni ọ̀gá. Ní báyìí, n kì í fọwọ́ sí ohun tí n kò fojú ara mi rí." Mo bi wọ́n pé ta ló kó ẹrù. Wọ́n wò mí.

"Ẹjọ́ tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n pè mí wá rò. Ó níyàwó, ó lọ́mọ."

Ká ní èmi ni, mi ò bá ti dárúkọ rẹ̀ kíá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ìbéèrè náà jáde lóòótọ́, àwọn sì dáhùn bí a ṣe ṣe é kẹ́yìn. Obìnrin kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń bi wọ́n léèrè kọ nǹkan sílẹ̀ títí, kò sì rẹ́rìn-ín. A ṣì ń retí lẹ́tà.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá olùkọ́ kíláàsì wa lẹ́yìn àsẹ́ńbílì, mo sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ìsinmi ni bàbá mi gbà.