Kí La Fẹ́ Fi Ìdáhùn Rẹ̀ Ṣe?

Nílẹ̀ Yorùbá, ìkíni ló máa ń ṣáájú ìbéèrè. Bí àlejò bá wọlé, a ó kí i, a ó fún un lómi, kí a tó bi í pé kí ló gbé e wá. Àwọn ìbéèrè kan sì wà tí a kì í bi ẹni rárá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí a bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí àgbàlagbà, ọgbọ́n la máa ń dá: a ó ní ta ló wà lórí oyè nígbà tí wọ́n bí i. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ gbogbo ìyẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn to àpótí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìràwọ̀ pupa sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wù ú. Ìtumọ̀ ìràwọ̀ náà ni pé bí o ò bá dáhùn, o ò ní kọjá. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà la ń fi ìràwọ̀ yẹn síbẹ̀. Ta ló fún wa láṣẹ?

Iṣẹ́ kan ló sọ ìbéèrè yìí di ohun tí à ń jiyàn lé lórí lójoojúmọ́. Igbó-Ọrà la ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí iná àti nẹ́tíwọ̀kì bá gbà fún wa. Obìnrin tó gbéṣẹ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń wẹ ajá, tí wọ́n ń gé irun àti èékánná rẹ̀, tí wọ́n ń nu etí rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa kọ ọ̀rọ̀ ajá wọn sórí fóònù kí wọ́n tó dé. Àwọn ará àdúgbò wa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. Ajá tí wọ́n mọ̀ ni ajá ọdẹ àti ajá tó ń ṣọ́lé. Òjò ló ń wẹ̀ ẹ́. Kò burú. Àmọ́ ajá onírun gígùn tí wọ́n kó wá láti òkèèrè kì í lè fara da oòrùn Ìbàdàn bí ẹnì kan ò bá bá a tọ́jú irun rẹ̀, owó sì wà níbẹ̀.

Ó mú fọ́ọ̀mù kan wá tó rí níbì kan, ti òyìnbó. Ìbéèrè mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ ìbí alájá, iṣẹ́ tó ń ṣe, àdírẹ́sì ilé rẹ̀, àwọn tó ń bá a gbé. Òun fúnra rẹ̀ tún fi ẹ̀sìn kún un. A bi í pé kí ló fẹ́ fi ẹ̀sìn ṣe, ó ní kí òun lè máa kí wọn lọ́dún ni. Ìdí tó dáa ni o. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tó ń sin ajá ti mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nípa ajá àti àlùwàlá. Bí a bá bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé ìkíni Iléyá la ní lọ́kàn?

A wá fi ohun kan ṣe òṣùwọ̀n. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ẹni tó ń wẹ ajá máa ṣe? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló máa ṣe tó yàtọ̀? Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kí ìbéèrè náà máa lọ. Mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023, sọ ohun tó jọ ọ́ ní èdè agbẹjọ́rò: ìwọ̀nba tí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nílò ni kí a gbà, kí a má sì tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó yẹ. Òfin kọ́ ló mú wa ṣe é, jàre. Òfin ò lè sọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n ń bi.

Àwọn ará Ìbàràpá mọ bó ṣe ń rí. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà láti kọ́ nípa ìlera ìgbèríko. Nígbà tí sòbìà ń yọ àwọn ará Ìdèrè lẹ́nu, àwọn olùwádìí wá, wọ́n béèrè omi tí wọ́n ń mu, wọ́n ka ẹsẹ̀ tó wú. Ti ìbejì kò tíì tán títí dòní. Patrick Nylander ṣe ìwádìí tirẹ̀, iye tí wọ́n sì ń tọ́ka sí láti inú rẹ̀ fún apá ibí ni ìbejì 45 sí 50 nínú ìbímọ 1,000. Láti ìgbà náà ni àwọn oníròyìn ti ń fi gbohùngbohùn sẹ́nu àwọn ìyá pé ṣé ọbẹ̀ ìlasa ni wọ́n ń jẹ tó fà á. A ò sọ pé ìbéèrè wọ̀nyí ò ṣe rere. Sòbìà lọ, WHO sì kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó béèrè omi mímu ní Ìdèrè mọ ohun tó fẹ́ fi ìdáhùn ṣe. Ẹni tó ń béèrè ìlasa fún ìgbà ọgọ́rùn-ún ńkọ́?

Nínú mọ́kànlá wa, ọ̀kan wà tí a ò ní yọ ìràwọ̀ rẹ̀ láé: ìgbà wo ni ajá yìí gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn? Ọ̀dọ̀ ajá ni ọmọ ènìyàn ti ń kó àrùn dìgbòlugi, ó tó 99 nínú 100. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ẹni tó ń yè é kò tó nǹkan. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni pé ó lè ti wà nínú itọ́ ajá fún ọjọ́ mélòó kan kí ajá náà tó ṣe bí aṣiwèrè. Nítorí náà, ajá tó ń ju ìrù, tó ń fá ọwọ́ ẹni lá, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ajá bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì wá abẹ́rẹ́ lọ kíákíá.

Àwọn tó ń fọwọ́ sẹ́nu ajá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ ọ̀dọ́ tí owó oṣù wọn ò tó nǹkan. Ibẹ̀ la ti rí ìdáhùn díẹ̀ sí ìbéèrè àṣẹ. Ẹ̀tọ́ láti béèrè ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìdáhùn lè gbà là tàbí kó pa wá; kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ àwa tí a mọ kọ̀ǹpútà lò. Àwọn ọmọ tó ń wẹ ajá ló ń béèrè. Àwa kàn jẹ́ aṣojú wọn ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló pín wa sí méjì. Fọ́ọ̀mù òyìnbó náà kọ ọ́ báyìí: ṣé ajá yín máa ń gé ènìyàn jẹ? Ta ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni? Bí a bá bi ìyá pé ṣé ọmọ rẹ̀ máa ń jalè, ṣebí a ti mọ ohun tó máa sọ. Ṣọ́ọ̀bù náà sì ń fi owó kún iye tí ajá tó ń gé ni jẹ máa san. Òwe ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Fọ́ọ̀mù yìí tilẹ̀ ju òwe lọ: èké di ọ̀fẹ́, òtítọ́ ni wọ́n bu owó lé.

A yí i padà sí báyìí: ibo lára rẹ̀ ni kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn? Ẹsẹ̀, etí, ìrù, ẹnu, tàbí kò síbì kan. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀tàn ni. Ó ní a ti gbà lọ́kàn wa pé ajá náà níbi tó ti burú, a wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu alájá, bí ọlọ́pàá tó ń fún ènìyàn ní sìgá kó tó bi í. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo. A sùn lé e lórí.

Ohun tí a rí nígbà tó yá ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ náà ò mọ́. Ẹni tó béèrè lọ́nà tí òtítọ́ fi máa ná ẹni tó sọ ọ́ lówó, tí irọ́ sì máa ná ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀, ó ti bá wọn pa lára irọ́ náà. Bí ó bá wá di pé ajá gé ọmọ tó ń wẹ̀ ẹ́ jẹ, wọn á na fọ́ọ̀mù sókè pé alájá ló purọ́. Alájá purọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tẹ́ ẹní irọ́ sílẹ̀ fún un? Ìbéèrè kejì ò fi ohunkóhun pa mọ́, ó kàn bọ̀wọ̀ fún alájá àti ajá rẹ̀. Kò sí ajá tí kò níbi tí kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn; àwa náà níbẹ̀. A tún bẹ obìnrin náà kó yọ àfikún owó yẹn. Ó bá wa dúnàádúrà, ó yọ ọ́ fún àwọn tó bá sọ ọ́ fúnra wọn.

Ti orúkọ kò gbà wá lákòókò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbé Igbó-Ọrà ti mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ pé wọ́n kọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì ni pé orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù bára mu. Níbí, Táíwò àti Kẹ́hìndé tó ń lo fóònù ìyá wọn nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kan náà á sì ní Taiwo àti Táíwò kì í ṣe ẹnì kan náà nítorí àmì ohùn. Ó sọ méjì di ọ̀kan, ó sọ ọ̀kan di méjì. A pa á láṣẹ pé kó máa fi hàn wá, kó má pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Ti orúkọ ajá dùn jùyẹn lọ. Àwọn baba wa máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ẹni tó bá sọ ajá rẹ̀ ní Ẹ̀yìnlàárò, tó ń pè é láàárọ̀ lójúde, ó mọ ẹni tó ń bá wí. A ò fi ìràwọ̀ síbẹ̀.

Ó ku àpótí ìkẹyìn: mo gbà. Ohun tí wọ́n ní kí a kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ajá, ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń mú ajá wá. Kí ló gbà? Òfin 2023 yẹn ní ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ti dátà ènìyàn ló ń sọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gé irun rẹ̀ kò sí nínú òfin. Àmọ́ ajá kì í dákẹ́. Ó ń gbọ̀n, ó ń fi ìrù sáàárín itan, ó ń yán láìsí oorun, ó ń yí ojú kúrò. A ṣe ojúewé kan fún ẹni tó ń wẹ ajá, kó máa kọ ohun tó rí síbẹ̀, a sì fún un ní bọ́tìnì tó lè fi dá iṣẹ́ dúró láì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Gbólóhùn ọwọ́ mọ́ yẹn, a yọ ọ́. A fi nọ́ńbà dókítà ẹranko tí alájá ń lò rọ́pò rẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì kí obìnrin náà tó gbà.

Ohun kan ṣì wà tí a ò tíì parí. Ètò náà máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà: Bingo ti tó wẹ̀. Ajá kì í pẹ́ láyé bí ènìyàn. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí a fi bọ́tìnì sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà tí alájá lè tẹ̀ pé ajá òun ti kú, kí gbogbo ohun tí a kọ nípa rẹ̀ pa rẹ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ rí irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí ajá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Òótọ́ ló sọ. A ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ mẹ́rin lórí bọ́tìnì náà, kò sí èyí tó dùn ún kà.