Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ìsinmi ìdílé náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ẹsẹ̀ ọmọ tó kéré jù lọ nínú ilé ló yẹ ká fi wọn ọ̀nà, ká tó mọ ibi tí gbogbo ilé yóò forí lé. Kò sí òbí tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní mi orí pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí oṣù Keje bá ti ń parí lọ, tí ilé-ìwé fẹ́ pa dé fún họ́lídè ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ti gbàgbé.

Ó ṣojú òǹkọ̀wé yìí ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdílé kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀: bàbá, ìyá, ọmọbìnrin tó tó ọdún mẹ́tàlá, àti ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́rin lọ. Aṣọ kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀. Àtẹ̀gùn tó wà níwájú wọn lé ní 600. Ọmọkùnrin yìí ti rí ohun tó wù ú ní tirẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀: aláǹgbá olórí pupa kan ń mi orí lórí òkúta, òun náà lóṣòó tì í, ó ń bá a mi orí. Bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ dìde.

Wọn ò tíì gun àádọ́ta àtẹ̀gùn tí ẹkún fi bẹ̀rẹ̀. "Dádì, ẹ gbé mi." Dádì kò ráyè gbé e. Fóònù wà lọ́wọ́ kan, igi tí wọ́n ń há fóònù sí wà lọ́wọ́ kejì. Ìyá ló pọ̀n ọ́n. Bàbá kan tó ń mú àlejò gòkè rọra bẹ̀bẹ̀ pé, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí màmá wọn dúró tì í níbi ìsinmi yìí, kí èmi àti ẹ̀yin pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ká bọ̀." Bàbá ọmọ fèsì pé fọ́tò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí òkè ló gbé òun wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n dé òkè, níbi tí ààfin àtijọ́ wà, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó. Ọmọ ti sùn fọnfọn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Wọ́n jí i. Wọ́n nu ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin ń béèrè ibi tí ọba máa ń jókòó sí láyé ìgbà náà, wọ́n ní kó dúró dáadáa, kó wojú fóònù. Fọ́tò parí, gbogbo wọn yí ẹ̀yìn padà.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ ò ṣẹ̀. Kí la máa fi han ọmọ lọ́la bí a ò bá ya á lónìí? Ohun tó burú ni pé fọ́tò ló ń yan ibi tí à ń lọ báyìí. Nítorí fọ́tò ni wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọwọ́ lọ sórí afárá orí igi ní Lekki Conservation Centre, èyí tó gùn tó mítà 401, tó sì ń mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá yóò gbádùn ẹ̀, yóò tún fẹ́ padà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta yóò di ìyá rẹ̀ lọ́rùn mú títí tí wọn yóò fi dé òdìkejì. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni omi Olúmirin fi ń wálẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ sì tó ọmọ kékeré í ṣeré lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀ òbí yóò máa fà á gòkè, torí pé aládùúgbò ti gbé fọ́tò òkè lọ́hùn-ún sórí Facebook.

Ojú ayé ti gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ilé ìyá àgbà náà ti di ibi tí a kì í dé mọ́, torí kò ní fọ́tò tó ń dán. Bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni họ́lídè ti mọ ọjọ́ orí ọmọ láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀: kékeré a máa lé adìyẹ kiri àgbàlá, èyí tó ti tó ọdún mẹ́wàá a bá bàbá àgbà re oko, èyí tó ti bàlágà a tẹ̀ lé ìyá àgbà lọ sọ́jà, a sì máa ṣírò owó.



Ọmọ ọdún mẹ́rin ò nílò òkè. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ń rin kìlómítà 157, ó sì ń yà ní Abẹ́òkúta. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yẹn gan-an ni ìrìn-àjò. Bí ó bá sọ̀ ní Moniya ní Ìbàdàn, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wà nílùú kan náà. Kìnnìún kan péré tó fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n jẹun, kó sùn lọ́sàn-án.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gun àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kó sì gbọ́ bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ àpáta náà nígbà ogun. Àgbádárìgì, tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de ẹrú, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá ti lè béèrè ìdí. Ọmọ ọdún márùn-ún yóò kàn máa lá àlá búburú ni.

Bí ọjọ́ orí wọn bá jìnnà síra ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí òbí pín ara wọn: ọ̀kan gòkè pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan dúró ti àbúrò. Tàbí kí wọ́n wá ibi tó gba gbogbo wọn, bíi Ìkògòsí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Kékeré yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n yóò béèrè ohun tó ń mú omi gbóná nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ lọ́dún yìí, ẹ bi ọmọ tó kéré jù nínú ilé yín pé kí ló fẹ́ rí. Bó bá ní aláǹgbá ni, ẹ dúró kó wò ó tẹ́rùn.